Òtútù Ń Mú Mi: Ohun Tí "Feel" Ń Ṣe sí Yorùbá Àwọn Ọmọ Wa

Ẹ tẹ́tí sí ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Manchester nígbà tó bá ń ti ilé ìwé bọ̀ lóṣù Kọkànlá, tí òjò ti pa á láti ibi tí bọ́ọ̀sì já a sí. Bí òbí rẹ̀ bá ti kìlọ̀ pé Yorùbá là ń sọ nílé o, ohun tẹ́ ẹ máa gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ ni "Mọ́mì, mo feel òtútù." Èyí tó gbìyànjú jù nínú wọn á ní "mo wà ní òtútù" tàbí "mo ní ebi." Yorùbá ni gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀, àmọ́ aṣọ Gẹ̀ẹ́sì ló wọ̀ wọ́n.

Ẹ má bínú sí ọmọ yẹn o. Ó mọ òtútù, ó sì mọ ebi. Ohun tí kò tíì mọ̀ ni ẹni tó ń ṣe nǹkan nínú gbólóhùn náà. Nínú Gẹ̀ẹ́sì, èmi ni mo jókòó síwájú, tí òtútù tò sẹ́yìn mi: "I feel cold." Nínú Yorùbá, òtútù ló ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀, èmi ni ó ń ṣe é sí. Òtútù ń mú mi. Ebi ń pa mí. Òùngbẹ ń gbẹ mí. Oorun ń kùn mí. Ẹ̀rù ń bà mí. Ojú ń tì mí. Ìtọ̀ ń gbọ̀n mí, èyí tó yẹ kó wà lára gbólóhùn àkọ́kọ́ tí ọmọ kékeré máa gbọ́, nítorí ọ̀rọ̀ náà kì í dúró de ẹni tó ń wá gírámà.

Ẹ tún wò ó pé ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ebi kì í kun èèyàn, oorun kì í ba èèyàn. Gẹ̀ẹ́sì ní "feel" kan ṣoṣo tó fi ń bu gbogbo rẹ̀: òtútù, ebi, ẹ̀rù, ìtìjú, àárẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọmọ tó bá ń fi Gẹ̀ẹ́sì ronú fi máa ń wá ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lédè wa tó máa bá "feel" dọ́gba. Bí kò bá rí i, á kúkú gbé "feel" wọlé. Àwọn kan á sọ fún un pé "ìmọ̀lára" ni. Ọ̀rọ̀ tó dáa ni ìmọ̀lára, ohun tí ara mọ̀, ẹ sì lè sọ pé ẹ mọ nǹkan kan lára. Àmọ́ ta ló máa ń wọlé, tó máa bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, táá wá ní "mo ní ìmọ̀lára òtútù"? Inú ìwé la ti ń rí irú ìyẹn.

Bí ẹ bá fẹ́ ọ̀rọ̀ kan tó súnmọ́ "feel" jù lọ nínú Yorùbá tí à ń sọ lẹ́nu, èmi á mú "ṣe." Kí ló ń ṣe ẹ́? Nǹkan ń ṣe mí. Ó ń ṣe mí bíi kí n sunkún. Ó ń ṣe mí bíi pé wọn ò fẹ́ràn mi ní kíláàsì yẹn. Ìyẹn gan-an ni "I feel like" àti "I feel that" tí àwọn ọmọ ń wá kiri. Bí ọ̀rọ̀ bá sì ti kọjá, tí ẹ fẹ́ mọ bó ṣe dun ọmọ tó tàbí bó ṣe dùn mọ́ ọn tó, ẹ bi í pé, "Báwo ló ṣe rí lára ẹ?" Àwọn olùkọ́ ibí yìí fẹ́ràn ìbéèrè yẹn púpọ̀, a sì ní in nílé tipẹ́tipẹ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ń dùn jù, tó sì ti ń léwu jù, ni inú. Yorùbá kì í fi gbogbo nǹkan sílẹ̀ fún ebi àti òtútù. Nígbà míì ẹ̀yà ara ló máa ń jẹ́ olórí gbólóhùn. Inú mi dùn. Ọkàn mi balẹ̀. Ara mi yá. Orí mi wú. Ẹ wá gbé méjì yìí sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn:

Inú mi dùn.

Inú ń dùn mí.

Ẹni tó sọ ti àkọ́kọ́ ń yọ̀. Ẹni tó sọ ìkejì nílò dókítà. "Dùn" kan náà létí ni, ohùn kan náà, ṣùgbọ́n ibi tí "mi" jókòó sí ti yí gbogbo ọ̀rọ̀ padà. Nínú ti àkọ́kọ́, èmi ni mo ni inú náà, inú náà sì dùn bí oyin. Nínú ìkejì, inú náà ti kọjú sí mi, ó ń dùn mí bí ọgbẹ́ ṣe ń dunni. Ọmọ tí kò tíì mọ̀ pé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ló máa ń ṣíwájú, tí ẹni tó ń ṣẹlẹ̀ sí sì máa ń gbẹ̀yìn, kò lè gbọ́ ìyàtọ̀ yìí. Bí Ìyá àgbà bá sọ lórí fóònù láti Ìbàdàn pé "inú ń dùn mí látàná," ọmọ náà á rẹ́rìn-ín, á ní "Ah, that's nice, Grandma."

Kò sí nǹkan àjèjì nínú bí Yorùbá ṣe ń ṣe é yìí. Àwọn ọmọ wa máa ń rò pé Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀nà tó tọ́, pé tiwa ló ṣẹ́ kọ́nà. Ẹ sọ fún wọn pé Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ kò bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Láyé àtijọ́, nǹkan bí 1000 ọdún sẹ́yìn, àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà lè fi ẹni tí ebi ń pa sí ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ ebi, kí wọ́n sọ ọ́ bíi pé ebi ló ń ṣe é fún un. Èérún rẹ̀ tó ṣẹ́ kù ni "methinks" tí àwọn ọmọ máa ń pàdé nígbà tí wọ́n bá ń ka Shakespeare níléèwé. "Mo rò pé" ló ń ṣe níbẹ̀, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe kọ́kọ́ tò ó, "ó jọ lójú mi pé" ló jẹ́. "Feel" gan-an, fífi ọwọ́ kan nǹkan ló kọ́kọ́ jẹ́ kó tó dé orí ọkàn. Ó ṣì ń ṣe iṣẹ́ náà dòní: bí ẹni tó ń ta aṣọ bá ní kí ẹ "feel the material," ẹ fọwọ́ bà á wò ni.

Láàárín ìlú Manchester níbí, a ò dá wà rárá. Àwọn ará Ireland ti wà níbí tipẹ́, débi pé àdúgbò kan wà nítòsí Oxford Road tí wọ́n ń pè ní Little Ireland, èyí tí Friedrich Engels kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1845. Lédè Ireland, ẹni tí ebi ń pa máa ń ní "tá ocras orm," ìyẹn ni pé ebi wà lórí mi. Ẹ kọjá sí Longsight tàbí Cheetham Hill, ẹ béèrè lọ́wọ́ ìyá tó ń sọ Urdu bó ṣe ń sọ pé òtútù ń mú òun. Òtútù ló máa ní ó ń kan òun. Ní 2010 ni Yunifásítì Manchester bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan tí wọ́n pè ní Multilingual Manchester, wọ́n sì ka èdè tó lé ní 150 nínú ìlú yìí. Nínú irú ọ̀pọ̀ bẹ́ẹ̀, mi ò rí ìdí tí ọmọ Yorùbá fi máa rò pé èdè ilé òun nìkan ló ń fi ẹbí sẹ́yìn, tó ń fi ebi síwájú.

Ọ̀rọ̀ yìí tún kan àwa òbí gan-an, torí Gẹ̀ẹ́sì wa náà ní àmì Yorùbá lára. "Cold is catching me." "My leg is paining me." "Can you hear the smell?" Àwọn ọmọ máa ń fi èyí ṣe yẹ̀yẹ́, ẹlòmíì á tiẹ̀ dárúkọ rẹ̀ níwájú àlejò. Ẹ má jẹ́ kó dùn yín jù. Òtútù ń mú mi ni "cold is catching me," a kò fi kún un, a kò yọ kúrò níbẹ̀. "Hear the smell" sì wá látinú "gbọ́ òórùn." Etí ni Gẹ̀ẹ́sì fi "hear" sí nìkan. "Gbọ́" tiwa gbòòrò ju ìyẹn lọ: à ń gbọ́ ariwo, à ń gbọ́ òórùn ẹja tó ń jóná, a sì ń gbọ́ Yorùbá. Ọmọ tó ní "mo gbọ́ Yorùbá díẹ̀" kò sọ pé etí òun ń ṣiṣẹ́, ó ní ó yé òun díẹ̀. Mo rò pé ó sàn kí ẹ fi yẹ̀yẹ́ náà kọ́ wọn níṣẹ́: bí ọmọ bá ti rẹ́rìn-ín tán, ẹ ní kó wá sọ ọ́ ní Yorùbá tó ti wá. Lọ́pọ̀ ìgbà kò ní mọ̀ ọ́n. Ẹ̀rín á yí padà.

Gẹ̀ẹ́sì àríwá ibí yìí náà ní tirẹ̀ tó máa ń dààmú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Naijíríà. "Poorly" kì í ṣe pé ọmọ ṣe dáadáa tàbí kò ṣe dáadáa nínú ìdánwò. Ara rẹ̀ kò yá ni. "Nesh" ni wọ́n ń pe ẹni tí òtútù máa ń tètè mú, ìyẹn àwa náà, kí n má parọ́. Èyí tó wá ṣe pàtàkì jù ni "sick." Nílé, "he is sick" ni pé ara rẹ̀ kò yá. Níbí, bí ilé ìwé bá pè yín pé ọmọ yín "has been sick," ó bì ni. Bó bá sì ní òun "feels sick," èébì ló ń gbé e. Ìyàtọ̀ náà ní owó nínú, torí ọmọ tó bá bì tàbí tó ń yàgbẹ́ gbuuru, 48 wákàtí gbọ́dọ̀ kọjá lẹ́yìn èyí tó ṣe kẹ́yìn kó tó padà sí kíláàsì. Ọjọ́ méjì láì lọ síbi iṣẹ́ ni ìyẹn fún òbí tó ń ṣe shift. Torí náà kí ọmọ tó sọ fún olùkọ́ pé òun "feel sick" nítorí pé orí ń fọ́ ọ, ó yẹ kó mọ ohun tí olùkọ́ máa gbọ́.

Ẹ jẹ́ ká wá dé ọ̀dọ̀ dókítà, torí ibẹ̀ ni mo ti ń bọ̀ látìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀.

Dókítà níbí á bi ọmọ pé báwo ni ìrora náà ṣe rí. Ṣé ó ń gúnni ni, ṣé ó ń jóni, ṣé ńṣe ló kàn ń dun lábẹ́lẹ̀? Fún ọmọ kékeré, wọ́n á gbé àwòrán ojú mẹ́fà jáde, èyí tí Donna Wong àti Connie Baker ṣe ní Amẹ́ríkà, láti ojú tó ń rẹ́rìn-ín tó jẹ́ 0 dé ojú tó ń sunkún tó jẹ́ 10. Ọmọ á fìka tọ́ ọ̀kan. Ó wúlò, ṣùgbọ́n bí ìrora ṣe pọ̀ tó ló ń sọ, kò sọ irú ìrora tó jẹ́. Yorùbá gbówọ́ níbẹ̀ gan-an. Orí a máa fọ́ni. Ọgbẹ́ a máa tani. Etí àti eegun a máa roni. Inú a máa runni, tàbí kó máa lọ́nì bí ẹni ń fún aṣọ. Ẹ̀gbẹ́ a máa gúnni. Ara a máa yúnni. Ọmọ tó bá mọ "ta," "ro," "gún," "lọ́," "jó" àti "yún" nínú Yorùbá ti mọ bí èèyàn ṣe ń pín ìrora sí wẹ́wẹ́, á sì rọrùn fún un láti wá ti Gẹ̀ẹ́sì síbẹ̀. Ọmọ tó bá mọ "it hurts" nìkan, kò ní sí nǹkan tó máa pín.

Ẹ wá fojú inú wo òdìkejì rẹ̀. Ìyá àgbà wá láti Oṣogbo kó wá bá wa tọ́jú ọmọ tuntun. Ara rẹ̀ kò yá. Kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó bẹ́ẹ̀, àwọn òbí wà níbi iṣẹ́, ọmọ ọdún mọ́kànlá ló bá a jókòó níwájú dókítà. Ìyá àgbà ní, "Inú mi bàjẹ́ látìgbà tí àbúrò mi ti kú." Ọmọ náà mọ̀ pé inú ni "stomach," ó mọ̀ pé nǹkan tó bàjẹ́ ti "spoil." Ó ní inú Grandma kò dáa. Dókítà béèrè irú oúnjẹ tí màmá jẹ. Ìyá àgbà ní, "Àyà mi máa ń já lóru." Ọmọ náà ní nǹkan kan ń já nínú àyà wọn. Dókítà á ti máa ronú ọkàn báyìí, á lè ní kí wọ́n lọ ṣe àyẹ̀wò ọkàn, nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀rù ló ń ba màmá lóru, ọ̀fọ̀ ló ń ṣe wọ́n. Ó sì lè rí bẹ́ẹ̀ lódìkejì: kí màmá ní "àyà ń dùn mí," kí ọmọ rò pé ọ̀rọ̀ ìbànújẹ́ ni, kó fi ohun tó yẹ kí wọ́n fi pe 999 lójú ẹsẹ̀ ṣeré. Àyà mi ń já, àyà ń dùn mí. Ẹ tún wo ibi tí "mi" wà.

NHS ní ògbufọ̀, ọ̀fẹ́ sì ni. Ẹ lè béèrè fún ẹni tó gbọ́ Yorùbá nígbà tí ẹ bá ń gba àyè lọ́dọ̀ dókítà àdúgbò, ẹ sì lè béèrè bákan náà bí ẹ bá pe 111. Wọn kò fẹ́ kí ọmọdé máa ṣe iṣẹ́ yẹn, èmi náà ò sì fẹ́ ẹ. Kì í ṣe torí gírámà nìkan. Àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tí ìyá àgbà kò ní sọ níwájú ọmọ ọmọ rẹ̀ láéláé.

Àwọn tó mọ̀ nípa ìlera ọpọlọ ti bá ọ̀rọ̀ yìí jà ṣáájú wa. Thomas Adeoye Lambo, tí wọ́n bí ní Abẹ́òkúta ní 1923, ló bẹ̀rẹ̀ ètò abúlé ní Àró ní 1954, níbi tí àwọn aláìsàn ti ń gbé láàárín ará abúlé pẹ̀lú ẹbí wọn nígbà tí wọ́n ń gba ìtọ́jú. Òun àti Alexander Leighton ti Yunifásítì Cornell kó àwọn èèyàn jọ láti wádìí bí àìsàn ọpọlọ ṣe rí láàárín àwa Yorùbá, ìwé wọn sì jáde ní 1963. Wọn kò rí ọ̀rọ̀ Yorùbá kan ṣoṣo tó bá "depression" dọ́gba. Ṣùgbọ́n ohun tó ń ṣe èèyàn kò ṣàjèjì: àìrí oorun sùn, àìlè jẹun, ẹkún, kí ayé sú èèyàn. Ọ̀rọ̀ wà fún ìyẹn kúnnákúnná. Lónìí à ń sọ ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, à ń sọ ìsoríkọ́. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà wa ṣì máa ń sọ ọ́ láti ara: orí mi gbóná, nǹkan ń rìn mí lára. Bí bàbá kan tó ń fi òru ṣiṣẹ́ níbí bá ń sọ irú èyí léraléra, ẹ má kàn fún un ní Paracetamol. Ẹ bi í pé báwo ni nǹkan ṣe rí lára rẹ̀.

Àwọn ọ̀dọ́ wa ti sọ "feel" di Yorùbá tiwọn, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. "Mo feel ẹ gan-an." Ní Èkó wọ́n ń sọ ọ́ lójú pópó, mi ò sì rò pé ẹnikẹ́ni lè dá a dúró. Òun àti "mo feel òtútù" kò jọra lójú tèmi. Ti àkọ́kọ́ jẹ́ àfikún, ìkejì gba àyè ohun tó ti wà níbẹ̀.

Kí lẹ máa wá ṣe? Ẹ má ṣe é bí ẹ̀kọ́. Bí ọmọ bá ní "mo feel òtútù," ẹ má ní "kì í ṣe bẹ́ẹ̀." Ẹ kàn dá a lóhùn: "Òtútù ń mú ẹ? Wá gba súwẹ́tà." Ó ti gbọ́ ọ, ó sì tún rí súwẹ́tà. Bó bá ń pe Ìyá àgbà lórí fóònù, tó fẹ́ sọ "I miss you," ẹ sọ ọ́ sí i létí pé, "Àárò yín ń sọ mí." Ẹ bi í ní ìbéèrè tí kò ní lè fi "feel" dáhùn: Kí ló ń pa ẹ́? Kí ló ń bà ẹ́? Kí ló wù ẹ́ láti jẹ? Ọmọ á fi ẹnu ara rẹ̀ gbé ebi, ẹ̀rù àti ìrẹsì síwájú.

Ẹ má sì gbàgbé kíkí. Gẹ̀ẹ́sì fi "I feel" sílẹ̀ fún ẹni tí nǹkan ń ṣe láti fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Yorùbá kì í dúró dè é. Ọmọ ṣubú, ẹni tí kò tì í ní "pẹ̀lẹ́," bẹ́ẹ̀ ni bí ó bá ní "sorry" fún ọmọ Òyìnbó tó ṣubú níléèwé, wọ́n lè bi í pé kí ló ṣe. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ gba ẹ kú iṣẹ́, ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ gba ẹ kú ìrọ́jú. Ẹni tó sì dúró sí ibùdókọ̀ ní Piccadilly ní aago méje àárọ̀ lóṣù Kìíní, tí afẹ́fẹ́ ń gbá a lójú, kò tíì sọ nǹkan kan, ọmọ Yorùbá mìíràn ti bá a sọ ọ́: "Ẹ kú òtútù o, mà."